Ta Ló Buwọ́ Lùwé Lórúkọ Ràhmọ̀t?

"Ọmọ yín wá síbí lọ́jọ́ Sátidé. Aago mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ó buwọ́ lùwé, ó yan kíláàsì. Kí lẹ tún fẹ́ kí n ṣe?"

Monsieur Ebongué, akọ̀wé tó ń forúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀, ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wa látojú fèrèsé ọ́fíìsì rẹ̀. Bó ti sọ ọ́ tán ló pa fèrèsé dé. Èdè Faransé ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi, èdè wo lèèyàn máa fi sọ irú ìyẹn tí kò ní dunni?

Àwa mẹ́ta la dúró sínú òjò láàárọ̀ Túsìdé yẹn. Èmi Tinúadé, tí gbogbo àdúgbò Logbaba nílùú Douala ń pè ní Màmá Fọ́tò, nítorí pé ṣọ́ọ̀bù fọ́tò àti fọ́tòkọ́pì mi ló kọjú sí géètì ilé ẹ̀kọ́ gíga náà gan-an. Ràhmọ̀t, ọmọ ọdún méjìdínlógún, tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọdún àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ẹnì kẹta ni ìyá rẹ̀, Kàbírátù, tó ń ta híjàbù àti jálámíà ní Akwa, tó tún jẹ́ olórí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ Àṣàlátù.

"Mi ò wá!" Ràhmọ̀t figbe ta. "Màmá Fọ́tò, je jure, mo búra, mi ò wá! Sátidé, mo wà ní wòlímọ̀ mi!"

Mo mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ. Èmi ni mo ya fọ́tò wòlímọ̀ náà. Ní Japoma ni wọ́n ti ṣe é, láti aago mẹ́jọ àárọ̀. Ọmọ náà parí Kùránì, ó jókòó síwájú gbogbo èèyàn, ó ń ké e, àwọn àgbàlagbà ń nu omi ojú. Báwo lèèyàn ṣe máa wà ní Japoma kó tún wà ní Logbaba lẹ́ẹ̀kan náà? Ṣé iwin ni?

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Ilé ẹ̀kọ́ yìí máa ń pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun jọ lọ́jọ́ kan kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ ìkíni-káàbọ̀ ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á mú wọn yí ọgbà ká, wọ́n á kí wọn, lọ́jọ́ yẹn náà ni kálukú máa yan kíláàsì tó fẹ́, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ dé ló ń mú. Ogójì àyè péré ló wà ní kíláàsì láàbù, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń yẹ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn wò. Tìtorí ẹ̀ ni Ràhmọ̀t ṣe jókòó ṣèdánwò. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó débẹ̀, wọ́n ní ọjọ́ ti kọjá, kó padà wá lọ́la. Ọ̀la náà la wá yìí, ohun tí wọ́n sì bá nínú ìwé ni pé Ràhmọ̀t ti yan iṣẹ́ akọ̀wé, ti ìrọ̀lẹ́!

Àyè kan ṣoṣo ló kù ní láàbù. Aago mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni wọ́n máa pa ìwé dé. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ó di ọdún tó ń bọ̀.

"Ta ló sọ fún ẹ pé Mọ́ńdè ni?" mo bi Ràhmọ̀t.

"Màámi ló lọ wo bọ́ọ̀dù. Èmi ń múra wòlímọ̀, mi ò ráyè."

Kàbírátù tún híjàbù rẹ̀ ṣe. "Mọ́ńdè ni mo rí nígbà tí mo wò ó. Wọ́n ti pa á dà lẹ́yìn mi ni."

Láti àárọ̀ ni obìnrin yìí ti ń pariwo pé nítorí a jẹ́ àlejò nílùú ni wọ́n ṣe ń fojú ọmọ òun gbolẹ̀. Ó bú aṣọ́nà géètì, ó bú ẹni tó kọ́ géètì. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Ebongué ti ní ọmọ náà buwọ́ lùwé, ohùn rẹ̀ ti lọlẹ̀. Mo ṣebí ọ̀rọ̀ náà ló dá a lágara ni. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Mo tún kan fèrèsé.

"Monsieur Ebongué, ẹ jẹ́ kí n fojú mi rí ojú ewé yẹn. Ẹ̀yin ẹ dì í mú, èmi á kàn wò ó ni."

Ọdún méje ni mo ti ń bá a tẹ fọ́ọ̀mù, nítorí náà ó rojú, ó ṣí i. Orúkọ Ràhmọ̀t wà níbẹ̀. Àkókò wà níbẹ̀. Ìbuwọ́lù kan wà tó rí wọ́gọwọ̀gọ, nọ́mbà mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, àti fọ́tò.

"Kí ni nọ́mbà yìí?"

"Ti agbòjò ni. A fún gbogbo wọn ní agbòjò yẹ́lò kọ̀ọ̀kan. Nọ́mbà wà létí ọwọ́ ẹ̀, kí wọ́n má baà máa jà sí i."

Mo tẹjú mọ́ fọ́tò náà. Híjàbù funfun, etí rẹ̀ ní iṣẹ́ wúrà, aṣọ búlúù ṣọ́ọ̀bù mi sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Èmi gan-an ni mo yà á! Ṣùgbọ́n kì í ṣe fọ́tò iléèwé. Ilé ẹ̀kọ́ yẹn kì í gba fọ́tò tí etí kò bá hàn. Mẹ́rin ni mo tẹ̀ fún Ràhmọ̀t, etí síta, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì ti lẹ̀ mọ́ fọ́ọ̀mù rẹ̀ lóṣù tó kọjá. Fọ́tò wòlímọ̀ lèyí, èyí tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé pélébé tí wọ́n pín fáwọn àlejò. Tinú ìwé pélébé yẹn dúdú àti funfun ni o. Èyí ní àwọ̀, ó ń dán. Ọwọ́ mi ló ti jáde.

"Monsieur Ebongué, òfin yín ni pé etí gbọ́dọ̀ hàn. Etí dà níbí?"

"Madame, igba ọmọ ló wà níwájú mi lọ́jọ́ yẹn."

"Ẹ ò tiẹ̀ wo ojú ẹni tó wà níwájú yín?"

"Ó fi nǹkan bo ẹnu, ó ń wúkọ́. Ṣùgbọ́n mo rántí ọmọ náà dáadáa." Ó rẹ́rìn-ín. "Ó kúnlẹ̀! Ọdún mọ́kànlá tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ẹnikẹ́ni ò kúnlẹ̀ fún mi rí. Mo rò pé owó ẹyọ ló bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Mo bi í ní kíláàsì tó fẹ́, kò fèsì. Mo nawọ́ sí àwọn ìlà, ó bọ́ sí èyí tó kúrú jù."

Mo yíjú sí Kàbírátù. "Fọ́tò wòlímọ̀ tí mo gbé fún yín, ta lẹ kó o fún?"

"Ìgbìmọ̀ wòlímọ̀ ni mo kó o fún. Èèyàn pọ̀ níbẹ̀, ta ló máa mọ ẹni tó mú un?"

Mi ò tún dúró. Mo sáré kọjá títì, mo gbé kámẹ́rà mi wá. Kámẹ́rà mi máa ń kọ àkókò sára gbogbo fọ́tò. Mo wá èyí tó jẹ́ aago mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú, ọjọ́ Sátidé: Ràhmọ̀t rèé, nínú aṣọ funfun, Kùránì wà níwájú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Mo gbé e fún Ebongué bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

"Ẹ wò ó! Ó wà ní Japoma. Kì í ṣe òun ló wá síbí. Ẹ pa orúkọ yẹn rẹ́, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí láàbù."

Ojú ọkùnrin náà yí padà. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Tí kì í bá ṣe òun, ó rán èèyàn wá fara jọ òun nìyẹn. Usurpation nìyẹn, Madame. A kì í tún irú ẹ̀ ṣe. A máa fagi lé gbogbo ìwé ẹ̀ ni, bóyá kí a tún pe commissariat, àwọn ọlọ́pàá."

Háà! Ẹ̀rí tí mo gbé wá láti fi gba ọmọ sílẹ̀ ló wá di okùn tí wọ́n fẹ́ fi so ó! Inú bí mi gan-an. Ẹni tó lẹ fọ́tò tí kò bófin mu mọ́wèé, tí kò wojú èèyàn, òun ló jókòó sínú ilé gbígbẹ tó ń dárúkọ ọlọ́pàá fún ọmọ ọlọ́mọ nínú òjò.

"Ṣé kò sọ́nà míì ni?"

"Kí ẹni tó rán onítọ̀hún níṣẹ́ wá síwájú directrice, ọ̀gá àgbà wa, kó fẹnu ara ẹ̀ sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ ò mọ̀ sí i. Kó tó di aago mẹ́ta ààbọ̀." Ó tún pa fèrèsé dé.

Aago mẹ́wàá ààbọ̀ ti lù. Kàbírátù ní òun gbọ́dọ̀ lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Akwa, pé kí n bá òun ṣèwádìí, Ọlọ́run á san án fún mi. Ó wọ takisí lọ. Èmi àti Ràhmọ̀t wọ ṣọ́ọ̀bù mi.

"Ta ló kórìíra ẹ?" mo bi í.

Ó ronú. "Mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n Ọmọ́lẹ́wà ti yí padà. Lánàá, ó rí mi ní géètì, ó gbójú kúrò. Copine mi ni o, ọ̀rẹ́ mi! Àwa méjèèjì la jọ ṣèdánwò láàbù yìí."

Ọmọ́lẹ́wà! Ọmọ pásítọ̀ ìjọ wa, Pásítọ̀ Ògúndáre. Ọ̀rẹ́ tó mọ gbogbo nǹkan ẹni, tó wá ń sá fójú ẹni lẹ́yìn tí nǹkan ti bà jẹ́, kí lẹ fẹ́ kí n rò? Kí n sòótọ́, mo ti dá ọmọ ọlọ́mọ lẹ́bi kí n tó ráńṣẹ́ pè é.

Ó dé, ó tẹ orúnkún rẹ̀ díẹ̀, ó dìde. "Ẹ káàárọ̀ mà, Màmá Fọ́tò." Kò kí Ràhmọ̀t.

"Ọmọ́lẹ́wà, agbòjò iléèwé tí wọ́n fún ẹ dà?"

Ó fà á yọ nínú báàgì. Nọ́mbà méjìlá.

"Aago mélòó lo débẹ̀ ní Sátidé?"

"Wọ́n ṣílẹ̀kùn ní mẹ́jọ. Mo buwọ́ lùwé ní mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, c'est dans le registre, ó wà nínú ìwé wọn. Mo ti yan láàbù tán ní mẹ́jọ ààbọ̀."

"Kí ló dé tó ò fi kí ọ̀rẹ́ rẹ?"

Ojú ọmọ náà pọ́n. "Màmá, òun ni kẹ́ ẹ bi! Mo pè é ní Friday, ẹ̀ẹ̀mẹta, pé ká jọ lọ. Màmá ẹ̀ ló gbé e, wọ́n ní Kùránì ló ń ké, wọ́n ti gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀. Mo ní kí wọ́n bá mi sọ fún un pé mẹ́jọ ni. Ní Sátidé mo rí i lẹ́yìn, nínú híjàbù ẹ̀, mo ń pè é, 'Ràhmọ̀t! Ràhmọ̀t!' Kò wẹ̀yìn. Ó lọ dúró sí ìlà àwọn akọ̀wé. Mo ní, ah bon, nítorí ó ti parí Kùránì, ó ti ga jù mí lọ?"

"Kì í ṣe èmi!" Ràhmọ̀t ń sunkún. "Ọmọ́lẹ́wà, kì í ṣe èmi!"

Àwọn ọmọ náà ń wo ara wọn. Ojú tì mí. Ọmọ tó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta ni mo fẹ́ sọ di ọ̀daràn. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, mo fún un ní mínérà, ó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ti há sí mi lọ́kàn. Mo ní kí wọ́n bá mi sọ fún un pé mẹ́jọ ni. Kàbírátù gbọ́ o. Lọ́jọ́ Friday, ó gbọ́ ọjọ́, ó gbọ́ aago.

Àgbàlagbà kì í sáré fẹ̀sùn kan àgbà ẹgbẹ́ ẹ̀. Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn mì ná, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi orí ara mi ṣiṣẹ́.

Ẹni tó wá lọ́jọ́ Sátidé kúnlẹ̀ fún akọ̀wé. Nínú àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí sí Douala, ta ló ń kúnlẹ̀ fún akọ̀wé? Ẹ ti rí Ọmọ́lẹ́wà níwájú mi, orúnkún tẹ̀ díẹ̀, ó parí. Ràhmọ̀t náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, àfi tó bá rí ìyá ìyá rẹ̀. Fún ẹni tó wà nínú ọ́fíìsì, "Bonjour, monsieur" ni. Ẹni tó bá fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀ fún Ebongué, ilé ló ti wá. Naijíríà ló ti dàgbà, kò sì tíì pẹ́ tó dé, nítorí pé kò tiẹ̀ gbọ́ Faransé tó lè fi sọ pé "láàbù".

Mo ṣí kámẹ́rà. Ọ̀ọ́dúnrún fọ́tò ni mo yà ní wòlímọ̀. Ẹni tó wà nínú wọn kọ́ ni mo ń wá. Mo ń wá ẹni tó yẹ kó wà níbẹ̀ tí kò sí. Gbogbo ẹgbẹ́ Àṣàlátù wà níbẹ̀ láti aago mẹ́jọ. Àwọn tó ń pín omi wà níbẹ̀, àwọn tó ń bójú tó bàtà wà níbẹ̀. Nígbà tí mo dé fọ́tò aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá, mo rí ọmọbìnrin kan lẹ́nu ọ̀nà tí n kò rí tẹ́lẹ̀ láàárọ̀ yẹn. Ẹrẹ̀ bo ẹsẹ̀ rẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀. Ojú rẹ̀ bà jẹ́.

Nùsíràt ni. Ọmọ ogún ọdún, láti Ìwó, tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Kàbírátù. Kò tíì pé ọdún kan tó dé.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. "Dìde," mo sọ fún Ràhmọ̀t. "À ń lọ sí Akwa."

Ọ̀kadà bẹ́ńsíkìn kan ló gbé àwa méjèèjì nínú òjò. Nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀bù náà, aago kan ti lù, a sì ti rin gbingbin. Nùsíràt nìkan ló wà níbẹ̀. Àwọn ará ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ní ọ̀gá rẹ̀ lọ kírun. Ó rí mi, ó fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀ gbàmù.

"Ẹ káàsán mà. Ẹ pẹ̀lẹ́ o, òjò pa yín."

"Òjò pa wá, ọmọ mi. Ṣé o ní agbòjò tí mo lè yá?"

Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó fa agbòjò yẹ́lò yọ. Mo yí ọwọ́ rẹ̀ síta. Nọ́mbà mẹ́rìnlélọ́gọ́ta.

Ràhmọ̀t fọwọ́ bo ẹnu.

"Nùsíràt, níbo lo ti rí i?"

Ọmọ náà wo agbòjò, ó wo Ràhmọ̀t, ó bú sẹ́kún. "Ẹ má bínú mà. Ìyá wa ló rán mi. Wọ́n ní kí n kàn lọ fọwọ́ sí i fún Ràhmọ̀t, bí a ṣe máa ń ṣe ní Àṣàlátù. Wọ́n fún mi ní fọ́tò, wọ́n ní kí n fi nǹkan bo ẹnu kí n máa wúkọ́. Nígbà tí mo débẹ̀, Faransé ni wọ́n ń sọ. Bàbá yẹn nawọ́ sáwọn ìlà, mo bọ́ sí èyí tó kúrú jù, kí n lè tètè dé Japoma. Mo fẹ́ gbọ́ bí Ràhmọ̀t ṣe máa ké Kùránì." Ó nu imú. "Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn débẹ̀, mi ò bá a."

Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ ẹgbẹ́ Àṣàlátù, àti gbogbo ẹgbẹ́ wa nílùú yìí, títí kan ti ìjọ tèmi, ẹ mọ bó ṣe ń lọ. Ẹni tí kò bá lè wá sípàdé á rán aṣojú. Aṣojú á fọwọ́ síwèé lórúkọ ẹni tó rán an, á gba ìpín oúnjẹ rẹ̀, á gbé e lọ sílé fún un. Kò sẹ́ni tó ń bínú sí i. Ohun tí Kàbírátù fi ọjọ́ ìkíni-káàbọ̀ pè nìyẹn!

Ẹsẹ̀ dún lẹ́yìn wa. Òun náà ló dé. Ó rí agbòjò lórí tábìlì, kò kí wa.

"Ìyá Ràhmọ̀t," mo ní, "ẹ jókòó."

Kò jókòó. "Ọdún mẹ́rìnlá, Màmá Fọ́tò. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi ń fa ọmọ yìí lọ sílé kéwú. Èmi ò ṣe wòlímọ̀ tèmi. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí n ṣe é ni bàbá mi kú, kò sẹ́ni tó tún dá a sọ mọ́. Mo ti pe àwọn ẹ̀gbọ́n mi láti Ìwó, ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi wọ mọ́tò. Mo dé iwájú bọ́ọ̀dù yẹn, mo rí Sátidé. Sátidé náà! Kí ni kí n ṣe?"

"Kẹ́ ẹ sọ fún un!"

"Ìkíni-káàbọ̀ ni wọ́n kọ síbẹ̀! Ta ló ń yan ọ̀nà ayé ẹ̀ níbi ìkíni-káàbọ̀? Mo rò pé wọ́n á kí wọn, wọ́n á fún wọn ní nǹkan mu, wọ́n á máa lọ. Nígbà tí akọ̀wé yẹn ní iṣẹ́ akọ̀wé ló yàn, ara mi bù máṣọ."

"Ara yín bù máṣọ, ẹ sì dákẹ́! Ẹ jẹ́ kí n lọ fẹjú mọ́ ọmọ pásítọ̀! Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa dárúkọ ọlọ́pàá mọ́ ọmọ yín lórí, ẹ wọ takisí, ẹ ní Ọlọ́run á san án fún mi! Kí ni Ọlọ́run fẹ́ san, Kàbírátù? Kùránì ni ọmọ ń ké lápá kan, irọ́ lẹ ń pa lápá kejì. Ṣé irú wòlímọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ nìyẹn?"

Mo tún fẹ́ máa bá a lọ, nítorí inú mi kò tíì rọ̀ rárá, ṣùgbọ́n Ràhmọ̀t gbọ́wọ́ lé mi lápá.

"Màámi," ó ní. "Mẹ́jọ ni wọ́n ṣílẹ̀kùn. Ọmọ́lẹ́wà ti ṣe tán ní mẹ́jọ ààbọ̀. Bẹ́ńsíkìn láti Logbaba sí Japoma, kí ló tó nǹkan? Mẹ́sàn-án kọjá ogún ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ké e. Ǹ bá ti ṣe méjèèjì. Ẹ ò kàn bi mí ni. Ẹ bi gbogbo èèyàn, ẹ ò bi mí."

Kò pariwo. Mo rò pé ìyá rẹ̀ ì bá fẹ́ kó pariwo.

"Ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́ fún ọ̀gá àgbà," mo wí. "Ẹnu yín ni wọ́n fẹ́ gbọ́."

"Kí gbogbo Akwa gbọ́ pé Ìyá Àṣàlátù purọ́? Kí àwọn obìnrin tí mò ń bá wí lọ́jọọjọ́ máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́? Nùsíràt lè lọ. Ó lè ní òun ló..."

"Ó tó!" Mo lu tábìlì, híjàbù mẹ́ta já bọ́. "Ẹ tún fẹ́ rán ọmọ yìí lọ ṣojú yín níbi ẹ̀ṣẹ̀ yín?"

Òjò ń lu páànù. Nùsíràt ṣì wà lórí orúnkún rẹ̀ láti ìgbà tí a ti dé, kò sẹ́ni tó ní kó dìde. Kàbírátù wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀, ó di ọmọ náà lápá mú, ó gbé e dìde.

"Ti ṣọ́ọ̀bù," ó sọ fún un. "Gbogbo wa la jọ ń lọ."

Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mú wa lọ́nà. Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá la tó wọ ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó fi awò ojú sí orí imú. Ebongué dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ńlá lábẹ́ abíyá. Mo gbé agbòjò sórí tábìlì, mo gbé kámẹ́rà tì í, mo padà sẹ́yìn.

Faransé ọjà ni Kàbírátù gbọ́, iye ìgbọ̀nwọ́ àti àwọ̀ aṣọ. Kò ní ọ̀rọ̀ tó lè fi sọ èyí. Yorùbá ló fi sọ ọ́, Ràhmọ̀t ló sì ń túmọ̀ rẹ̀.

"Sọ fún wọn pé èmi ni mo rán an."

"Elle dit que c'est elle qui l'a envoyée."

"Sọ fún wọn pé ọmọ tí mo rán ò mọ nǹkan kan. Ó jẹ́ mi níṣẹ́ ni."

Ó túmọ̀ ìyẹn náà.

"Sọ fún wọn pé mo rí ọjọ́ Sátidé lójú bọ́ọ̀dù, mo sọ fún ẹ pé Mọ́ńdè ni. Mo gba fóònù lọ́wọ́ ẹ kó o má baà mọ̀. Sọ fún wọn pé mo purọ́ fún ọmọ mi."

Ràhmọ̀t yíjú sí ìyá rẹ̀. Ọ̀gá àgbà ń dúró. Aago ara ògiri ń lọ. "Sọ ọ́," ni ìyá rẹ̀ ní, "sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́."

"Elle dit," ni Ràhmọ̀t ní, "qu'elle m'a menti."

Obìnrin náà yọ awò ojú rẹ̀. Ó wo fọ́tò inú kámẹ́rà, ó wo fọ́tò inú ìwé, ó sì yíjú sí Ebongué. "Etí ọmọ yìí dà nínú fọ́tò tẹ́ ẹ lẹ̀ mọ́wèé?" Ebongué wolẹ̀. Ẹ ò mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe dùn mọ́ mi tó! Ọ̀gá àgbà fa ìlà pupa sí orúkọ tó wà lábẹ́ iṣẹ́ akọ̀wé, ó ní kí wọ́n wá fọ́tò tó bófin mu wá kíákíá. Mo ti tẹ̀ ẹ́ láti àárọ̀, ó wà ní àpò mi, etí méjèèjì síta. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin kí aago mẹ́ta ààbọ̀ lù.

Ebongué gbé ojú ewé láàbù kalẹ̀ pẹ̀lú bíírò. Kàbírátù na ọwọ́ sí i, bó ṣe máa ń ṣe sí gbogbo ìwé ọmọ náà láti jẹ́lé-ó-sinmi. Ó dá ọwọ́ dúró lágbedeméjì. Ó mú bíírò náà, ó fi lé ọwọ́ Ràhmọ̀t, ó sún sẹ́yìn.

Ràhmọ̀t buwọ́ lù ú fúnra rẹ̀. Nọ́mbà ogójì.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ pàdánù ọjọ́ ìkíni-káàbọ̀," ni ọ̀gá àgbà wí, "a máa tún un ṣe fún yín ní Sátidé yìí. Aago mẹ́jọ. Dandan ni."

Bí a ti jáde sí géètì ni fóònù Kàbírátù dún. Ó tẹ ẹ́ kí gbogbo wa lè gbọ́, nítorí etí rẹ̀ kan kò gbọ́ dáadáa. Alhaja Sẹ̀kínát ni, igbákejì rẹ̀ nínú ẹgbẹ́. Ó ní Sátidé yìí ni wọ́n fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ wòlímọ̀, pé aago mẹ́jọ ni, pé kí ìyá ọlọ́jọ́ àti ọlọ́jọ́ má pẹ́ o.

"Mi ò lè wá," ni Kàbírátù ní. "Ọmọ mi ní iléèwé. Èmi ni mo máa sìn ín lọ."

"Háà, ìdúpẹ́ yín! Kò burú, kò burú. Ta la máa rí rán kó ṣojú yín?"

Kàbírátù wo Nùsíràt tó di agbòjò yẹ́lò lé wa lórí, ó wo ọmọ rẹ̀.

"Sẹ̀kínát," ó ní, "ẹ má rán ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ ọ́ síwèé pé mi ò wá."